Ta Ló Mọ̀, Ta Ló Gbàgbọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀nà Ìwádìí ní Yunifásítì Wa

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ìlọrin níwájú àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ìlú. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin Áàfáà wa, àsàlámù àlékùmù. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ kọ́ mi, tí ẹ tún jókòó lónìí kí ẹ gbọ́ tẹnu mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu àpilẹ̀kọ, tí orí kẹta ń fi oorun dù, mo rí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí n kí àwọn kan lọ́tọ̀. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú yẹn, lápá ọ̀tún mi, Òkèlele, àdúgbò kan nílùú yìí, ni wọ́n ti wá. Amọ̀kòkò ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìkòkò á mọ̀ pé bí oòrùn bá mú báyìí, ìkòkò ni èèyàn ń sá, kì í jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ bá mi tẹ́tí sí i dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yín wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe.

Ọ̀nà

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè yọ ọwọ́ amúnisìn kúrò nínú ọ̀nà tí à ń gbà ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jà káàkiri ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cape Town ní South Africa jà títí wọ́n fi gbé ère Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn, kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1999, Linda Tuhiwai Smith, ọmọ Màórì, àwọn onílẹ̀ New Zealand, ti kọ ìwé kan lórí rẹ̀. Obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní létí àwọn èèyàn òun, ọ̀rọ̀ náà "ìwádìí" gan-an ti di ọ̀rọ̀ tó dọ̀tí. Kí ló fà á? Àwọn tó wá wádìí wọn wá, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí lọ, wọ́n sì fi í gba oyè. Kí ni àwọn tó nilé rí gbà?

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ìlọrin la wà, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, ìyẹn ọ̀nà. Ẹ̀yin Ìgbómìnà tó wà láàrin wa, ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, ẹ̀yin ará Òrò àti Àjàṣẹ́, ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà yín ń sọ nípa orúkọ yín. Ogbó mọ̀nà. Wọ́n ní ogbó, ìyẹn àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, ló ń lànà níwájú, tí àwọn èèyàn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká rò ó. Ibi tí igbó wà ni ogbó ti ń ṣiṣẹ́, bí igbó bá sì ṣe dí sí ló ṣe ń gé e. Àwa ńkọ́, ní yunifásítì? Ọ̀nà tí ẹlòmíràn là nínú igbó tirẹ̀ ni a gbé wálé, a wá ń wá bí igbó tiwa yóò ṣe bá a mu. Tí kò bá bá a mu, a ó ní igbó tiwa ló ṣòro.

Ìyá tó bímọ lọ́dún tí ọkọ̀ yíwọ́

Ara mi ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, torí n kò fẹ́ na ìka sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì, mo gbé ìwé ìbéèrè lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ojú ewé mẹ́rin ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Bí mo bá dé iwájú èèyàn ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìtumọ̀ tàárọ̀ kì í sì í jọ ti ìrọ̀lẹ́. Mo bá ìyá kan níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n ní kí wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó. Mo béèrè pé, "Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni àkọ́bí yín?"

Wọn ò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ti yíwọ́ kí n tó bí i. Ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó."

Mo wo bébà mi. Àyè wà níbẹ̀ tí mo lè kọ nọ́ńbà sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Kò mọ̀" sí. Mo fàmì sí "Kò mọ̀". Mo kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn tó yé mi, ó sì dùn mí wọnú egungun. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni ọkọ̀ yíwọ́ ní Nàìjíríà, tí a kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, tí a kí pọ́n-ùn pé ó dàbọ̀. Láàrin ọjọ́ méjèèjì yìí, oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Inú oṣù mẹ́sàn-án yẹn ni ìyá fi ìbí ọmọ wọn sí fún mi, wọ́n sì fi ẹlẹ́rìí méjì tì í lẹ́yìn, ẹlẹ́rìí tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ká ní wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà lásán, n kò ní mọ̀ bóyá ó péye tàbí kò péye. Èyí tí wọ́n sọ yìí, mo lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo kọ "Kò mọ̀" sí i. Ta wá ni kò mọ̀?

N kò tíì parí. Mo tún béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí. Ojú wọn yí padà, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo béèrè olórí ilé. Wọ́n ní, "Ilé wo? Iyàrá mi ni, àbí agbo ilé?" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kékeré kan sáré kọjá, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ìyá bá pè é, wọ́n ní, "Ọkọ mi, bá mi bu omi wá fún àlejò." Ọmọ ilé ni, obìnrin ilé sì ni ìyá, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé odidi lórí irú nǹkan báyìí ní 1997, pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé àti ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn ni Yorùbá fi ń to èèyàn, kó tó kan ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bébà mi ní àpótí fún ọkọ, fún ìyàwó àti fún ọmọ. Ọkọ tó jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kò ní àpótí kankan nínú rẹ̀.

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Èmi tí wọ́n bí ní Kwara, tí mo gbọ́ èdè náà lẹ́nu ìyá mi, bébà ojú ewé mẹ́rin sọ mí di àjèjì nílẹ̀ baba mi.

Mọ̀ àti gbàgbọ́

Ẹ bá mi fọkàn sí apá yìí, òun gan-an ló gbé mi wá síbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ sí Òkèlele. Ọmọ tó gbọ́n ni, tó sì ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Ó bá wọn po amọ̀, ó rí bí wọ́n ṣe ń da ìdí ìkòkò àtijọ́ dé, tí wọ́n ń na amọ̀ lé e lórí títí yóò fi di ìdí ìkòkò tuntun. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fi okùn amọ̀ mọ ọ́n sókè díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń to igi àti koríko gbígbẹ lé e lórí kí wọ́n tó sun ún.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí iná kú tí ìkòkò tutù, ìyá kan gbé orù kan sórí itan. Wọ́n fi ọwọ́ òsì dì í mú lẹ́bàá ẹnu. Wọ́n fi eegun ìka ọwọ́ ọ̀tún gbá a ní ìdí, wọ́n gbá a ní ikùn, wọ́n gbá a lọ́rùn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbé e sí ọ̀tún. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n ṣe bákan náà, ọ̀tún. Ìkẹta, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbé e sí òsì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé ti òsì, ó yí i po, ó wò ó nínú àti lóde. Kò rí nǹkan kan. Ó béèrè ohun tó ṣe é. Ìyá ní, "Ó ti sán." Wọ́n gbá ti àkọ́kọ́ fún un, ó dún gooro. Wọ́n gbá eléyìí, ó dún bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Wọ́n bu omi sínú rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò pẹ́ púpọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rin.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó wá gbé orí kẹrin wá fún mi, ohun tí mo kà níbẹ̀ rèé: "Àwọn amọ̀kòkò gbàgbọ́ pé dídún ìkòkò lè fi hàn bóyá ó ti sán." Ní ìpínrọ̀ méjì sísàlẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ látinú ìwé ẹnì kan tí kò débí rí, tí kò fọwọ́ kan ìkòkò Ìlọrin rí láyé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "A mọ̀ pé…"

Ẹ gbọ́ o. Ìyá tó ti ń gbá ìkòkò láti ìgbà tó wà lọ́mọge, òun ló gbàgbọ́. Ẹni tó ka ìwé, òun ló mọ̀.

N kò bínú sí ọmọ náà. Bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Nínú ìwé ìwádìí wa, àgbẹ̀ máa ń gbàgbọ́, agbẹ̀bí máa ń gbàgbọ́, ọdẹ máa ń gbàgbọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ń mọ̀. Ẹ lọ wo àpilẹ̀kọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká bi èdè wa fúnra rẹ̀. Ní 1986, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, gbé ìwé kan jáde. Àwọn onísègùn ni wọ́n bá jókòó, wọn ò sì kà wọ́n sí ẹni tí à ń wádìí bí ẹni wádìí kòkòrò. Alájọrò ni wọ́n kà wọ́n sí. Wọ́n bi wọ́n pé, nígbà wo lẹ máa ń sọ pé ẹ mọ nǹkan, nígbà wo lẹ sì máa ń sọ pé ẹ gbà á gbọ́? Ìdáhùn àwọn onísègùn ṣe kedere. Ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun lo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún ọ, tí o gbọ́, tí o sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, gbà àti gbọ́ ló wà nínú rẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí ìgbàgbọ́ di ìmọ̀, àfi kí o dán an wò, kí o rí i. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kúkúrú pé ìròyìn ò tó àfojúbà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kó jọ sí yunifásítì? Ìgbàgbọ́ ni. Ohun tí a kà, ohun tí wọ́n kọ́ wa, ohun tí a kò fi ojú rí. N kò sọ pé kò dára, torí èèyàn ò lè rí gbogbo nǹkan tán. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá dájọ́ láàrin gbólóhùn méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ, yóò yí wọn padà ni. Ìyá Òkèlele mọ̀. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi, a gbàgbọ́. Ẹni tó kọ ìwé tí a mú ọ̀rọ̀ látinú rẹ̀ náà, ó gbàgbọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń sọ. Bí o bá ti kọ ọ́ pé ìyá gbàgbọ́, o ti gbé ohun tó mọ̀ lọ sọ́dọ̀ àlọ́ àti èèwọ̀. Lọ́la, ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀rọ wá, yóò fi wọn ìró ìkòkò, yóò sì kọ ọ́ pé òun ló ṣàwárí rẹ̀.

Èsìẹ́

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó lọ sí Èsìẹ́, kò jìnnà síbí. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ pé ọdún 1933 ni wọ́n ṣàwárí wọn, nígbà tí H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, débẹ̀. Ramshaw ṣe dáadáa. Ó fi tó ìjọba létí, nígbà tó sì di 1945 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro igbó kúrò lára àwọn ère náà kí Ramshaw tó dé? Ta ló ń ṣe ọdún wọn? Ta ló mú un débẹ̀? Ará ìlú ní ìtàn ọdẹ tó kọ́kọ́ rí wọn, wọ́n sì ní ìtàn bí àwọn àlejò náà ṣe di òkúta. Wọ́n ti ń bá ère wọn gbé. Ṣé wọ́n lè wọ ilé rẹ, kí o fún wọn lómi mu, kí wọ́n jáde kí wọ́n ní àwọn ló ṣàwárí ilé rẹ?

Sànádì

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ lọ́kàn wọn pé, ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwádìí wo ni àwa ní tẹ́lẹ̀? Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ni?

Ní Ìlọrin yìí kẹ̀? Ìlú tí ẹṣin ti jẹ́ eégún ilé wọn, tí wàláà wà ní agbo ilé dé agbo ilé? Ẹ̀yin Áàfáà wa, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹnì kan bá gbé hádíìsì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Ànábì sọ, kalẹ̀ níwájú yín, kí lẹ máa ń béèrè? Ẹ máa ń béèrè sànádì. Lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ? Lẹ́nu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ? Ṣé àwọn méjèèjì tiẹ̀ pàdé láyé? Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé kì í gbàgbé? Bí ẹnì kan nínú wọn bá mẹ́hẹ, ọ̀rọ̀ náà mẹ́hẹ. Ọ̀nà ìwádìí nìyẹn, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sì ti ń lò ó kí yunifásítì kankan tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ìwé ìbéèrè ojú ewé mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè kan wà lórí ẹ̀kọ́: kò lọ, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama, ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo jókòó níwájú bàbá Áàfáà kan, ìwé àfọwọ́kọ kún àpótí wọn. Wọ́n ń ka Lárúbáwá, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi lẹ́tà rẹ̀ kọ Yorùbá, èyí tí à ń pè ní Àjàmí. Mo fàmì sí "kò lọ". Ìwé àfọwọ́kọ irú ti bàbá yẹn ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Málété ní ibùdó kan fún báyìí, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí.

Kí nìdí tí mo fi mú sànádì wá? Torí pé àwọn kan wà tí wọ́n bá gbọ́ pé ká yọ ọwọ́ amúnisìn kúrò, wọn á ní gbogbo ohun tí àgbà bá ṣáà ti sọ, òótọ́ ni. Rárá o. Àgbà ń gbàgbé. Àgbà ń gbè sẹ́yìn ilé baba rẹ̀. Ẹ bi ilé ọlọ́mọ-ọba méjì nínú ìlú kan ṣoṣo ní gúúsù Kwara nípa ẹni tó tẹ ìlú dó, kí ẹ wá wò ó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kí la máa ń kọ nínú àpilẹ̀kọ wa? "Bàbá kan, ọmọ 70 ọdún, àgbẹ̀." Ó parí. A ò béèrè ẹni tó sọ ìtàn fún bàbá. A ò béèrè bóyá ilé ìyá ló ti gbọ́ ọ tàbí ilé baba, tàbí ó kà á nínú ìwé ìtàn ìlú tí olùkọ́ kan kọ tó sì ń tà á lọ́jà. Aláwàdà kọ́ ni mí o, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Odidi oṣù kan ni mo fi gba ìtàn lẹ́nu àgbà mẹ́ta, ìwé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kà á. Ká ní mo béèrè sànádì ni, ọjọ́ kìíní ni mi ò bá ti mọ̀.

Àtàǹpàkò

Èyí kò ní gùn. Yunifásítì ní kí n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ àtàǹpàkò. Ìdí wà fún un. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà, ọ̀pọ̀ òbí sì ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn 75 mílíọ̀nù dọ́là. Nítorí náà, n kò ní sọ pé ká má gbàṣẹ.

Ohun tí mo ń sọ nìyí. Bàbá ahunṣọ kan fún mi ní wákàtí méjì, wọ́n ṣàlàyé òfì fún mi okùn dé okùn. Nígbà tí mo wá fa fọ́ọ̀mù àti tàdáwà yọ, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àtàǹpàkò ni wọ́n fi gba ilẹ̀ baba mi." Wọ́n wo fọ́ọ̀mù yẹn pẹ́. "Mo ti bá ẹ sọ̀rọ̀. Mo fún ẹ lóbì jẹ. Kí ló tún kù tí bébà fẹ́ gbà?" Fún bàbá, àṣẹ ti wà nínú obì àti nínú wákàtí méjì. Fún ilé ẹ̀kọ́ mi, kò tíì sí àṣẹ kankan. Alábòójútó mi ní kí n yọ ọ̀rọ̀ bàbá kúrò nínú iṣẹ́ mi, mo sì yọ ọ́. Mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí a ò fi lè gba ohùn bàbá sílẹ̀ níwájú ọmọ wọn, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn ò gbà?

Ohun tí a lè ṣe

N kò wá síbí wá sọ pé ká sun ìṣirò níná. Ìṣirò ló jẹ́ ká mọ iye ọmọ tí ibà ń pa, ìṣirò ló jẹ́ ká mọ ìlú tí kò ní omi. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa náà gbọ́dọ̀ wọ ọjà yẹn, kí a sì lè rìn ín lójú mọmọ láìtọrọ àforíjì.

Àwọn kan sì ti rìn ín. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó kọ́ ọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ọ yẹn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Akínṣọlá Akíwowo, onímọ̀ nípa àwùjọ, mú ẹsẹ Ifá kan tó sọ̀rọ̀ nípa àsùwàdà, bí ohun gbogbo ṣe ń wà nípa kíkó ara jọ, ó fi hun tíọ́rì, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 1986. Èyí tó wú mi lórí jù ni ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, wọ́n bá a jiyàn lórí ìtumọ̀ ẹsẹ náà, wọ́n ní ibí yìí kò tọ́, ibẹ̀ yẹn kò dúró dáadáa. Ó pẹ́ tí a ti ń bá ara wa jiyàn lórí ohun tí ará Faransé sọ àti ohun tí ará Jámánì sọ. Ẹsẹ Ifá ni wọ́n jìjà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí ló wá ń dè wá lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa. Ìgbéga ni. Bí olùkọ́ bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí jọ́nà òkè òkun, wọ́n á kà á fún un. Bí ó bá lọ ka iṣẹ́ yẹn fún àwọn tó fún un lọ́rọ̀, ní èdè wọn, wọn ò ní kà á. Èmi ò mọ bí a ṣe lè máa sọ̀rọ̀ amúnisìn nígbà tí ìyá Òkèlele kò lè ka ohun tí a kọ nípa wọn, tí kò sì sí ẹni tó lè bu owó fún olùkọ́ tó bá lọ kà á fún wọn.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Kí o tó gbé àpilẹ̀kọ rẹ síwájú ìgbìmọ̀, gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀. Kà á fún wọn ní Yorùbá. Ibi tí wọ́n bá ti ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá lè tako iṣẹ́ rẹ, wọn ò tíì sí nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn padà sí Òkèlele. Ó yọ "gbàgbọ́", ó fi "mọ̀" sí i, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ó ti parí. Ó jókòó lágbàlá láàrin ìkòkò, ó ń kà á sókè: "Àwọn amọ̀kòkò mọ̀, nípa fífi etí gbọ́ dídún rẹ̀, bóyá ìkòkò ti sán." Ìyá tó gbá ìkòkò níjọ́ sí nawọ́ dá a dúró. Wọ́n ní, "Etí nìkan kọ́ o. Ọwọ́ òsì tí mo fi dì í mú ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ìkòkò tó dá ṣáṣá, ìró rẹ̀ á gbọ̀n dé ọwọ́ mi. Èyí tó sán, kì í dé ibẹ̀." Wọ́n gbé ìkòkò kan lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó dì í mú, wọ́n gbá a.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wò.

Ìyá náà ló wọ ìró olómi aró níwájú yẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá, ẹ ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nípa yín. Níbo ni mo ti ṣì í sọ?